Orí Karùn-ún: Ayùn Oníná Nínú Ìsọ̀ Aránbàtà

Ọ̀bẹ, òòlù, abẹ́rẹ́ àti irin ẹsẹ̀ mẹ́ta ni àwọn baba wa fi ń tún bàtà ṣe. Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti àwọn ìlú yòókù ní gúúsù Èkìtì lónìí, irinṣẹ́ mìíràn ti bá wọn wọ ìsọ̀. Ẹ̀rọ fáìlì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíràn a yá gíráńdà lọ́wọ́ wẹ́dà, ẹlòmíràn a ra jígísọ́ọ̀ àlòkù lọ́wọ́ káfíńtà. Iṣẹ́ ń yá sí i, owó sì ń tètè wọlé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò lo ayùn oníná rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó.

Nígbà tí abẹ ayùn bá ń gé nǹkan níwájú ẹni, ojú a máa là, ọwọ́ a sì máa ṣọ́ra. Ìgbà tí ènìyàn rò pé ayùn náà ti sùn ló léwu jù: iná lọ ó tún padà dé, a ń pààrọ̀ dísìkì, a ti pa ẹ̀rọ ṣùgbọ́n abẹ rẹ̀ kò tíì dúró, ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò. Ìdí nìyí tí òfin kan fi ṣáájú gbogbo òfin tó kù nínú orí yìí: kí ọwọ́ tó kan abẹ ayùn, púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó.

Iṣẹ́ wo ló yẹ ayùn oníná?

Díẹ̀ ni. Awọ tí kò nípọn, kánfáàsì, ínsóòlù páálí àti sóòlù tínrín, ọ̀bẹ tó mú ló ni gbogbo wọn. Ayùn a máa fa awọ ya ni, etí rẹ̀ a sì rí jágajàga. Rọ́bà tí kò nípọn ju mìlímítà 10 lọ náà kò nílò iná: ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi pa ojú ọ̀bẹ, rọ́bà náà á gé láìfa ọ̀bẹ mọ́ra.

Ohun tí ayùn oníná wúlò fún ni gìgísẹ̀ onígi, làásì onígi tí a fẹ́ dín kù tàbí tún gbẹ́, sóòlù gíga tí wọ́n fi igi tàbí fóòmù líle ṣe, àti rọ́bà nínípọn tí a fẹ́ gé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan péré bá wà nílẹ̀, ẹ fún un mọ́ fáìsì, kí ẹ fi ayùn irin ọlọ́wọ́ gé e. Iṣẹ́ tí ayùn ọlọ́wọ́ lè parí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má fi tiná ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ igi dáadáa kò ṣeé ṣe láìsí iná. Ìlú Ìsẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní nǹkan bí 1938, ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Irinṣẹ́ ọwọ́ ló fi ṣe é. Ẹ̀rọ ń dín àkókò kù, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ oníṣẹ́ ló ń mú kí iṣẹ́ dára.

Àwọn ẹ̀rọ àti ìwà wọn

*Ẹ̀rọ fáìlì.* Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ayùn, ṣùgbọ́n òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, òun náà ló sì máa ń parí iṣẹ́ tí ayùn bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ìbílẹ̀ ló máa ń tò ó pọ̀, wọ́n a fi mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí ti ẹ̀rọ ìfami yí òkúta tàbí ìlù tí a fi sáńdípépà wé. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó san owó rẹ̀.

Èkínní, ṣé wọ́n bo bẹ́líìtì àti púlì rẹ̀? Bí wọn kò bá bò ó, ẹ ní kí wẹ́dà fi páànù bò ó kí ẹ tó gbé e lọ sílé.

Èkejì, ṣé òkúta náà lè gba eré mọ́tò? Mọ́tò tó ń lo iná wa máa ń yí ní nǹkan bí 1,450 tàbí 2,900 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, bí wọ́n bá ṣe ṣe é. Púlì lè sọ eré yẹn di ìlọ́po. Bí púlì ara mọ́tò bá jẹ́ ínṣì 4, tí ti ara òkúta jẹ́ ínṣì 2, mọ́tò tó ń yí ní 1,450 á mú òkúta yí ní 2,900. Wọ́n máa ń kọ iye eré tí òkúta lè gbà sí ara ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn. Òkúta tí kò ní ìwé lára, ẹ má rà á.

Ẹ̀kẹta, ṣé òkúta náà kò ti sán? Ẹ gbé e kọ́ sórí ìka tàbí okùn, kí ẹ fi èèkù òòlù onígi kàn án jẹ́jẹ́. Bí ó bá dún gooro, ó dára. Bí ó bá dún kọ̀, ó ti sán nínú, ẹ sọ ọ́ nù. Irin tí a ń gbé bàtà lé níwájú òkúta kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí òkúta ju mìlímítà 3 lọ, kí ìka tàbí etí bàtà má baà há sáàárín.

*Gíráńdà ọlọ́wọ́.* Irinṣẹ́ wẹ́dà ni, òun ló sì léwu jù nínú ìsọ̀ wa. Gíráńdà kékeré tó ń lo dísìkì mìlímítà 115 máa ń yí ní nǹkan bí 11,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Dísìkì tí wọ́n ṣe fún un máa ń ní 13,300 lára, ìyẹn ni pé agbára rẹ̀ ju eré ẹ̀rọ náà lọ. Dísìkì ńlá mìlímítà 180 kò lè kọjá 8,500. Ẹni tó bá yọ ìbòrí gíráńdà kékeré kúrò kí dísìkì ńlá lè wọ inú rẹ̀ ti ń fi eré tó ju agbára dísìkì lọ yí i, ó sì ti mú ohun tí ì bá dá àfọ́kù rẹ̀ dúró kúrò. Eré tí wọ́n ṣe àwọn dísìkì wọ̀nyí fún ní ìpẹ̀kun jẹ́ mítà 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 288 ní wákàtí kan. Kò sí mọ́tò tó ń sá báyẹn lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́. Bí dísìkì bá fọ́, eré yẹn ni àfọ́kù rẹ̀ máa fi wá.

Ẹ má gbé abẹ eléyín tí wọ́n fi ń gé igi sórí gíráńdà láéláé, kódà bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí nǹkan tó máa ṣe. Eyín rẹ̀ a máa há sínú igi, gíráńdà a sì ta padà sí ojú tàbí ọrùn ẹni tó dì í mú kí ó tó ṣẹ́jú. Dísìkì ìgé kò wà fún fífi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ nǹkan. Ẹ wo ọdún tó wà lára òrùka irin àárín dísìkì pẹ̀lú: bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ohun tó so ó pọ̀ lè ti rọ, ọ̀rinrin sì máa ń bà á jẹ́ kíákíá.

*Jígísọ́ọ̀.* Bí ayùn oníná kan ṣoṣo bá máa wọ ìsọ̀ yín, kí ó jẹ́ èyí. Abẹ rẹ̀ tínrín, ó ń lọ sókè sódò, a sì lè dín eré rẹ̀ kù. Yàtọ̀ sí abẹ eléyín fún igi, abẹ kan wà tí kò ní eyín, etí rẹ̀ rí kólokòlo bí ìgbì omi. Èyí ló dára fún rọ́bà, fóòmù àti awọ nínípọn. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní Adó tàbí Àkúrẹ́. Abẹ jígísọ́ọ̀ ń yọ jáde lábẹ́ ohun tí a ń gé, ibẹ̀ sì ni ojú kì í dé. Ọwọ́ òsì kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ tábìlì rárá.

*Bándísọ́ọ̀.* Ìsọ̀ tó ń ṣe bàtà tuntun púpọ̀ ló nílò rẹ̀. Ẹ sọ ìbòrí abẹ rẹ̀ kalẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bí mìlímítà 6 kí ó kan ohun tí ẹ ń gé. Igi ni kí ẹ fi ti iṣẹ́ síwájú, kì í ṣe àtàǹpàkò.

*Sákúlà káfíńtà.* Kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lára bàtà. Ohun tí a ń gé kéré jù fún un. Bí ẹ bá fẹ́ la pákó nínípọn sí wẹ́wẹ́ fún gìgísẹ̀, ẹ gbé e lọ fún káfíńtà, kí ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀

BEDC ló ń pín iná fún wa ní Èkìtì, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tó máa lọ tàbí ìgbà tó máa dé. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ a kàn gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, wọn a bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn. Súwíìṣì ẹ̀rọ náà ṣì wà ní títẹ̀. Bí iná bá padà dé, kí àwọn ọmọdé tó pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!" tán, gíráńdà á ti máa sáré lórí tábìlì láìsí ẹni tó dì í mú, á sì jábọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹni tó bá wà nítòsí. Bí iná bá lọ, ẹ pa súwíìṣì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó dìde. Bí ẹ bá fẹ́ ra gíráńdà tuntun, ẹ wá èyí tí súwíìṣì rẹ̀ máa ń pa ara rẹ̀ bí a bá ti dá ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Èyí tó ń dúró ní títàn fúnra rẹ̀ kò bá irú iná tiwa mu.

Iná tí kò lágbára náà léwu. Ó yẹ kí iná tó wá sí ìsọ̀ jẹ́ nǹkan bí fólítì 230. Bí gílóòbù bá ń tàn pọ́n-ún bí iná àtùpà, mọ́tò ayùn á máa gbóná, á máa kùn, abẹ á sì há sínú igi. Ẹni tó bá fi agbára tì í nígbà yẹn ni yóò ṣubú lé e lórí bí iná bá yọ lójijì. Ẹ dúró kí iná dára, tàbí kí ẹ ra sítébíláísà tó gbé ẹ̀rọ yín.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" kò ju nǹkan bí wáàtì 650 lọ. Gíráńdà tó ní wáàtì 800 lára ti ju agbára rẹ̀ lọ, mọ́tò sì tún máa ń gba ìlọ́po iná nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìta gbangba, tó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Èéfín olóró inú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹni tó ń fà á símú a kàn rò pé oorun ń kun òun ni. Òjò kì í ṣe ìdí láti gbé e wọ inú ìsọ̀. Ẹ ṣe ìbòrí páànù fún un níta.

Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ wa jẹ́ kọ́ńténà tàbí páànù. Bí wáyà tó bó bá kan ara irin ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ògiri àti ilẹ̀kùn ló di iná, oníbàárà tó kan ń fọwọ́ ti ilẹ̀kùn sì lè gbà á. Ẹ gbé wáyà gba inú páìpù oníke, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná kí ó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ìsọ̀ náà, kí ó sì fi bíréékà sí i. Wáyà ẹsítẹ́ńṣọ̀n fún ayùn kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju èyí tí wọ́n kọ 1.5 sí lára lọ. Ẹ tú u sílẹ̀ tán kí ẹ tó lò ó, nítorí wáyà tí a ká jọ a máa gbóná títí yóò fi yọ́. Sẹ́lótéèpù kì í ṣe ohun tí a fi ń di wáyà tó já.

Ẹ gbé bàtà kúrò lórí itan

Aránbàtà kì í jókòó bíi káfíńtà. Orí àpótí kúkúrú la máa ń wà, bàtà á wà lórí itan tàbí láàárín orúnkún méjèèjì. Ìjókòó yìí dára fún abẹ́rẹ́ àti òòlù. Bí ayùn oníná bá dé ọwọ́ ẹni tó jókòó báyìí, ikú wà nítòsí, torí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gba inú itan kọjá. Bí abẹ bá kàn án, ẹ̀jẹ̀ lè dà tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilé-ìwòsàn á sì jìnnà.

Nítorí náà, ìsọ̀ tó bá ní ayùn oníná gbọ́dọ̀ ní tábìlì tó dúró ṣinṣin, tó ga dé ìgúnpá ẹni tó ń lò ó, tó sì ní fáìsì àti kílámpù méjì ó kéré tán. Ìdúró la fi ń lo ayùn. Ẹsẹ̀ kan á wà níwájú díẹ̀, ara á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí abẹ má ṣe dojú kọ àyà tàbí ọrùn. Gbogbo ohun tí a ń gé gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu fáìsì tàbí lábẹ́ kílámpù. Bàtà tí ọmọ iṣẹ́ dì mú fún ọ̀gá kí ó gé e kò tíì ní ìdìmú. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí fáìsì bu awọ jẹ, ẹ fi rọ́bà táyà tàbí awọ àlòkù tẹ́ ẹnu rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù àti iná kì í gbé pọ̀

Ohun tí káfíńtà kò fi bẹ́ẹ̀ ní láti bẹ̀rù ni àwa ní láti bẹ̀rù. Gọ́ọ̀mù bàtà kún fún kẹ́míkà tó ń yára gbẹ, ooru rẹ̀ wúwo ju atẹ́gùn lọ, ó sì máa ń rá pálá lórí ilẹ̀. Inú mọ́tò gíráńdà àti jígísọ́ọ̀ ni ẹ̀ta iná ń fò nígbà gbogbo. Agolo gọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Ibi tí a ti ń fi gọ́ọ̀mù kun bàtà àti ibi tí a ti ń gé e kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibì kan náà. Bí ìsọ̀ bá kéré, ẹ kun gọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà, ẹ dé agolo rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ̀rọ tó yí. Garawa yanrìn kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ẹ má da omi sí gọ́ọ̀mù tàbí epo bẹntiróò tó ń jó.

Bẹntiróò kì í ṣe ohun tí a fi ń fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí iná, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní benzene wà nínú rẹ̀. Ní 1974, Muzaffer Aksoy, oníṣègùn ará Tọ́kì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó mú àwọn aránbàtà ní Istanbul, tí benzene inú gọ́ọ̀mù ti wọ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Òróró ìdáná àti ọṣẹ á ṣe iṣẹ́ náà.

Ìmúra

Ẹ wọ gógù tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Awò ojú lásán kò tó. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, nítorí aránbàtà tó wọ sílípáàsì sídìí ayùn ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣẹlẹ́yà ni. Ẹ ká apá aṣọ dé òkè ìgúnpá, ẹ bọ́ aago, ìlẹ̀kẹ̀, ṣéènì àti òrùka. Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bọ́ ìborùn sílẹ̀, kí ó di ìró rẹ̀ mọ́ra tàbí kí ó wọ ṣòkòtò. Irun gígùn, ẹ dì í sẹ́yìn kí ẹ fi fìlà bò ó. Ápúrọ́ọ̀nù awọ ṣe pàtàkì, ó sì rọrùn fún wa láti rán.

Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí bándísọ́ọ̀ tàbí ẹ̀rọ fáìlì. Ọ̀pọ̀ rò pé ìbọ̀wọ́ ń dáàbò boni níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohun tó ń yí bá gbá etí rẹ̀ mú, á fa gbogbo ọwọ́ wọlé. Ìgbà tí ẹ bá ń mú abẹ tàbí táyà tó ní wáyà ni ìbọ̀wọ́ wúlò.

Gíráńdà máa ń pariwo ju desibẹ́ẹ̀lì 90 lọ. Ariwo 85 ni etí lè gbà fún wákàtí 8. Bí ó bá ti fi 3 lé e, àkókò tí etí lè gbà á dín sí ìdajì. Ẹ fi ohun ìdí etí sí i, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá tún ń ké.

Iṣẹ́ méjì ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀

*Dídín gìgísẹ̀ onígi kù*

1. Ẹ yọ gìgísẹ̀ kúrò lára bàtà. Ẹ má gé e nígbà tó ṣì wà lára rẹ̀.
2. Ẹ wá ìṣó. Ẹ fa gbogbo èyí tí ẹ rí yọ, kí ẹ sì fi mágínẹ́ẹ̀tì wá èyí tó kù nínú igi. Abẹ tó bá pàdé ìṣó lè kán.
3. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí gìgísẹ̀ ká. Gìgísẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n kí ẹ tó gé ọ̀kankan.
4. Ẹ fún un mọ́ fáìsì. Ìlà gbọ́dọ̀ yọ kúrò lẹ́nu fáìsì tó ìbú ìka méjì.
5. Púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta: ẹ fi abẹ sí jígísọ́ọ̀, ẹ fà á wò bóyá ó dúró.
6. Ẹ ti púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ó gba eré kí ó tó kan igi. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ lé igi pẹ̀kípẹ̀kí. Bí ìdí rẹ̀ bá gbé sókè, abẹ á máa ta igi.
7. Ẹ má tì í. Bí ẹ bá ń fi agbára tì í, abẹ ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
8. Bí ó bá gé tán, ẹ dá ọwọ́ kúrò lára súwíìṣì, kí ẹ dúró títí abẹ á fi dúró pátápátá kí ẹ tó gbé e sílẹ̀.

*Sóòlù táyà*

Bàtà táyà kì í tètè gbó, àwọn àgbẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní ní wáyà irin lábẹ́ ojú tó ń tẹ ilẹ̀, ó sì tún ní irin nípọn ní etí. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí ẹ lò, níbi tí kò sábà sí wáyà. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú àti omi ọṣẹ yọ ọ́. Jígísọ́ọ̀ aláìléyín lè gé sóòlù náà bí ẹsẹ̀ ti rí, kí ẹ̀rọ fáìlì wá dán etí rẹ̀. Gíráńdà kò dára fún un: rọ́bà á yọ́, á rú èéfín dúdú, á sì lẹ̀ mọ́ dísìkì. Bí wáyà bá wà níbẹ̀, ẹ̀ta iná á fò lọ sínú eruku àti gọ́ọ̀mù.

Fóòmù sóòlù àti PVC náà máa ń yọ́ bí abẹ bá sáré jù. Eré díẹ̀ ni kí ẹ fún wọn. Bí PVC bá ń rú èéfín, ẹ dúró kíá, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń ta imú àti ọ̀nà ọ̀fun bí ásíìdì.

Eruku

Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi eruku awọ àti eruku igi sí ara ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Inú imú ni jẹjẹrẹ tí méjèèjì ń fà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni ó máa ń gbà, nítorí náà kò sí ẹni tó ń rí i nígbà tó ń wọlé. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kò dí eruku tó kúnná. Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí lára ni kí ẹ rà. Ẹ gbé ẹ̀rọ fáìlì sí ibi tí atẹ́gùn á ti gbé eruku lọ síta, kì í ṣe sójú oníbàárà tàbí ìsọ̀ olóúnjẹ tó múlé tì yín. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ má yá ẹ̀rọ atẹ́gùn fọkanáísà láti fi fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ tàbí ẹ̀rọ: á gbé e padà sínú imú àti ojú.

Ọmọ iṣẹ́

Ọmọ tó bá dé lónìí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ lọ́la. Kí ó kọ́kọ́ mọ ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà ayùn ọlọ́wọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ fáìlì, kí ó tó kan jígísọ́ọ̀. Gíráńdà ló kẹ́yìn. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún 18 kò ní iṣẹ́ kankan nídìí gíráńdà tàbí bándísọ́ọ̀. Bí a ti ń wo rírán àti gígé kí a tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un, bẹ́ẹ̀ ni kí a wò ó bóyá ó ń yọ púlọ́ọ̀gì láìjẹ́ pé a sọ. Bí kò bá tíì máa yọ ọ́, kò tíì mọ iṣẹ́. Ọ̀gá tó bá gba ènìyàn síṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí ó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn sí àjọ NSITF, kí ìrànlọ́wọ́ lè wà bí iṣẹ́ bá pa wọ́n lára.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

*Ẹ̀jẹ̀.* Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ apá tàbí ẹsẹ̀ bá ń tú jáde tí kò dúró, ẹ fi aṣọ fífẹ̀ di òkè ọgbẹ́ náà pinpin, kí ẹ kọ aago tí ẹ dì í sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ má fi kẹrosíìnì, epo ẹ́ńjìnnì, iyọ̀ tàbí ewé sí i.

*Ìka tó já.* Ẹ wá a. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú omi àti yìnyín. Píọ̀ wọ́tà tó dì lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ṣe é. Ìka náà kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ènìyàn àti ìka lọ papọ̀.

*Ojú.* Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má sì fi omi ọmú tàbí ṣúgà sí i. Eruku lásán, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án. Bí irin tàbí àfọ́kù dísìkì bá gún un, ẹ má fà á yọ. Ẹ fi ife kékeré bo ojú náà, kí ẹ lọ.

*Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì.* Ẹ pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹni náà.

Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín jù, nọ́ńbà ẹni tó ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà àti 112 sára ògiri. Fún ọgbẹ́ ńlá, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó. Ẹni tí abẹ gé gbọ́dọ̀ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kódà bí ọgbẹ́ náà bá kéré.

Ohun tí a ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́ (ẹ kọ ọ́ sí páálí, ẹ fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì)

Ní òwúrọ̀:
- Wáyà kò bó, púlọ́ọ̀gì kò gbóná, kò sì fọ́.
- Ìbòrí abẹ, dísìkì àti bẹ́líìtì wà níbi wọn.
- Òkúta àti dísìkì kò sán.
- Fáìsì àti kílámpù dì dáadáa.
- Agolo gọ́ọ̀mù ti dé, ó sì jìnnà sí ẹ̀rọ.
- Gógù, ìbòmú, ohun ìdí etí àti yanrìn wà nítòsí.
- Jẹnẹrétọ̀ wà níta.

Nígbà tí iná bá lọ:
- Ẹ pa súwíìṣì.
- Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì.

Ní ìrọ̀lẹ́:
- Ẹ gbá eruku, ẹ kó o sínú ọ̀rá; ẹ má sun ún.
- Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ sì ti gíráńdà àti jígísọ́ọ̀ mọ́ inú àpótí. Ọwọ́ ọ̀gá ni kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.